Ajá Tí Ara Adájọ́ Máa Gbà

Kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo ní ká mú ajá wálé. Bàbá ọmọ ló ṣèlérí ajá fún ọmọ. Ó ṣèlérí tán, ó gun ọkọ̀ ẹrù rẹ̀, ó wà á lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa kó ẹrù láti ìlú dé ìlú, kó máa pè wá láti ẹ̀gbẹ́ títì, kó máa ṣèlérí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wá bí ìlérí náà ṣe máa ṣẹ. Tí mo bá ti sọ báyìí, ìyá rẹ̀ tó ń gbé pẹ̀lú wa á ní, "Ìyàwó mi, ẹnu rẹ mú jù." Ó mú, Màmá. Ẹ jẹ́ kó mú.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, Adájọ́ la sì ń pè é nílé, torí kò sí ẹjọ́ tí kì í dá. Tí èmi àti ìyá ọkọ mi bá ń jiyàn lórí iyọ̀ inú ọbẹ̀, òun ló máa tọ́ ọ wò, tó máa sọ ẹni tó jàre. Ọmọ tó gbọ́n ni, ó lẹ́nu bíi tèmi. Àyà rẹ̀ nìkan ni kò jẹ́ kó gbádùn. Ikọ́ fée ti ń bá a fà á láti kékeré. Eruku díẹ̀, èéfín díẹ̀, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, èjìká rẹ̀ á máa lọ sókè, á máa bọ̀ wálẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa sáré kiri níta, òun á dúró lójú fèrèsé, á máa pariwo pé lágbájá ti ṣe màgòmágó, kí wọ́n tún eré náà bẹ̀rẹ̀. Tí ìyẹn ò bá dun ìyá ọmọ, kí ló tún máa dùn ún?

Lọ́jọ́ kan ló sọ fún bàbá rẹ̀ pé, "Gbogbo èèyàn ló máa ń sún sẹ́yìn tí mo bá ti ń wúkọ́. Ajá kì í sún sẹ́yìn." Ó tán. Ọkọ mi yọ́ bí òrí. Ó ní, "Màá ra ajá fún ẹ."

"Ajá wo?" Mo fa ọkọ mi wọ yàrá. "Ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tí dókítà sọ ni? Ṣé ẹ̀yin náà ò gbọ́ pé ara ọmọ yìí kì í gba irun ẹran?"

"Àwọn ajá kan wà tí irun wọn kì í já bọ́, tí wọn kì í yọ èèyàn lẹ́nu. Mo rí i lórí fóònù."

Orí fóònù! Kí ni kò sí lórí fóònù? Àmọ́ ọmọ ti gbọ́ ìlérí, ọmọ ò sì gbàgbé. Ní gbogbo àárọ̀ ló ń bi mí pé, "Màámi, ẹ ti rí i?" Nígbà tó yá, àánú rẹ̀ ṣe mí ju bí inú ṣe ń bí mi lọ. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá ajá tí ara Adájọ́ máa gbà, tí owó wa sì máa ká. Ohun méjèèjì yẹn ni, kò sí ẹ̀kẹta.

Ọkùnrin tó ń ta irú ajá tí ọkọ mi rí ni a kọ́kọ́ lọ bá, èmi àti Adájọ́. Ó ní ká jókòó nínú pálọ̀ rẹ̀, ó gbé ajá funfun kékeré kan jáde, ríbọ́ọ̀nù pupa wà lọ́rùn rẹ̀, òórùn ọṣẹ ń ta nímú. Ó ní ajá yìí kò lè mú ẹnikẹ́ni sín láyé. Kò tíì pa ẹnu dé tí Adájọ́ fi sín. Ó ní òórùn ọṣẹ ni. Adájọ́ tún sín. Ó ní bóyá òtútù ló mú un. Mo wo ojú ọmọ mi, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti ń wú. Mo bi ọkùnrin náà ní iye tó ń ta ajá, torí kí n lè mọ ohun tí mo fẹ́ sá fún. Nígbà tó pè é, mo rò pé ilé àti pálọ̀ ló ń tà pọ̀ mọ́ ọn. Mo dìde, mo fa ọmọ mi lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni a gbà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ Adájọ́. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ ni. Ó ń fi ọwọ́ kan di ológbò mú, ó ń fi ẹnu dá mi lóhùn.

"Ìyá Adájọ́, ẹni tó bá sọ fún yín pé ajá òun kò lè yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, owó yín ló ń wá. Kì í ṣe irun nìkan ni wàhálà. Itọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Awọ ara rẹ̀ tó ń bó wẹ́wẹ́ tí ojú ò lè rí, ó wà níbẹ̀. Kò sí ajá tí kò ní in."

"Ṣé kò ṣeé ṣe nìyẹn?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ara èèyàn lè kọ ajá kan, kó sì fara da òmíràn. Ẹ lọ sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ajá tí kò lẹ́ni. Owó díẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Èyí tó ti dàgbà ni kẹ́ ẹ wò, èyí tí ìwà rẹ̀ àti ìlera rẹ̀ ti hàn sójú. Kí ojú rẹ̀ mọ́, kó máà ṣomi. Ẹ gbóòórùn inú etí rẹ̀. Ẹ wo eyín rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rìn, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń tiro. Lẹ́yìn náà kí Adájọ́ jókòó tì í, kó pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tún padà lọ." Ó wá gbé ojú sókè kúrò lára ológbò, ó tẹjú mọ́ mi. "Tí àyà ọmọ yín bá súfèé pẹ́nrẹ́n, ẹ dá ajá padà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ ò gbọ́dọ̀ ní kẹ́ ẹ máa wò ó. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ọmọ lè kú sí i."

Mo ní mo gbọ́. Adájọ́ náà gbọ́. Ó dúró tì mí, ó ń wo ológbò.

Ilé ìtọ́jú náà gùn tẹẹrẹ, sìmẹ́ńtì nílẹ̀, irin lẹ́nu yàrá kọ̀ọ̀kan, òórùn oògùn apakòkòrò níbi gbogbo. Obìnrin tó ń bójú tó o, Ìyá Ajá ni wọ́n ń pè é, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Ó fi bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún hàn wá. Ọ̀kan ń ṣomi lójú, mo ní rárá. Etí òmíràn ń rùn, mo ní rárá. Adájọ́ ti ń wò mí bí ọ̀tá. Nígbà tó yá ni Ìyá Ajá mú ọ̀kan jáde, aláwọ̀ eérú, irun rẹ̀ ká kóló kóló, ó ti tójú bọ́, kò gbó, kò fò mọ́ni. Ó rìn tààrà lọ sọ́dọ̀ Adájọ́, ó gbé àgbọ̀n lé e lórí orókún.

Mo wá jókòó ní òdìkejì, mi ò gbójú kúrò láyà ọmọ mi, àfi bí ẹni tó ń ṣọ́ mílíìkì lórí iná. Ó ń fi ọwọ́ ya irun ajá náà. Mò ń retí kó sín. Mò ń retí kó yún ojú. Kò sín. A padà lọ lọ́jọ́ mìíràn, kò sín. A tún lọ, mo ní kó fi imú kàn án lọ́rùn, ó fi í kàn án. Kò sí nǹkan kan. Ìyá Ajá rẹ́rìn-ín, ó ní ká mú un lọ sílé títí ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ á fi parí, ká wò ó bóyá á ṣeé ṣe, pé owó kankan ò tíì di dandan. Adájọ́ fò mọ́ mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tó dì mọ́ mi láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, ẹ jẹ́ n sòótọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún níwájú àwọn ajá.

Lọ́jọ́ náà ni mo ra ike oògùn tuntun fún un, èyí tó máa ń fín sẹ́nu tí èémí bá ń ṣòro. Ó ní ti tẹ́lẹ̀ ti sọnù. Mo bú u, mo ní kó máa tọ́jú nǹkan, mo ra òmíràn.

Òfin mélòó kan ni mo gbé kalẹ̀. Ajá ò gbọ́dọ̀ wọ yàrá Adájọ́. Yàrá ẹ̀yìn tí a ń kó ẹrù sí ni tirẹ̀. A ò sì ní sọ ọ́ lórúkọ títí a fi máa mọ̀ pé ó ti di tiwa. Mo ní tí ẹ bá ti fún un lórúkọ, tó bá wá di pé ká dá a padà, ẹkún ni màá máa gbọ́ nílé yìí. Adájọ́ ní òun gbà. Ìyá ọkọ mi fi ẹ̀rín yẹ̀yẹ́ yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwọn abiyamọ ajá. Ẹ kú ewu ọmọ tuntun o." Láti ọjọ́ náà, ọmọ ló ń pe ajá. "Ọmọ yín ti jẹun." "Ọmọ ti tọ̀ sí ẹnu ọ̀nà o, ẹ wá nù ún." Àwàdà ni. Kò pẹ́ tí ó fi mọ́ gbogbo wa lẹ́nu. Ọkọ mi gan-an, tó bá pè láti ọ̀nà jíjìn, á ní, "Ọmọ ńkọ́?" A ó bi í pé ọmọ wo, á ní àwọn méjèèjì.

Inú ilé dùn, àmọ́ etí mi ò sinmi. Kí n tó lọ síbi iṣẹ́, màá gbé etí lé ẹ̀yìn Adájọ́. Mí sínú. Mí síta. Á mí sínú, á mí síta, bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe rí. Tí mo bá dé, màá tún ṣe é. Tí abọ́ bá dún gbì nílé ìdáná, màá ti rò pé ikọ́ ni. Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan ni mo gbọ́ ọ lóòótọ́: ikọ́ gbígbẹ, ó le, ó ń wá léraléra. Mo sáré dé yàrá Adájọ́, ó jókòó, ó ń ya àwòrán, ẹnu rẹ̀ dá. Yàrá ẹ̀yìn ni ikọ́ ti ń wá. Ajá ló ń wúkọ́! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí wèrè.

Mo pe dókítà ẹranko. Ó ní, "Ikọ́ tí wọ́n máa ń kó ran ara wọn nílé ìtọ́jú nìyẹn. Ẹ fi í sí yàrá tó dákẹ́, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kó sùn. Ẹ má fún un lóògùn kankan o, oògùn èèyàn kì í ṣe tirẹ̀. Á lọ fúnra rẹ̀." Lérèfé ni mo sọ ọ́ fún Màmá. Mo ní bí ọmọ bá ń wúkọ́, kí wọ́n má bẹ̀rù.

Ọjọ́ kejì ni ohun tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀.

Kọ́tìnì la ń rán níbi iṣẹ́ wa. Ẹ̀rọ tó kún yàrá náà, tí gbogbo wọn bá ń dún lẹ́ẹ̀kan, èèyàn ò ní gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Wọn ò fẹ́ ká máa dáhùn fóònù nídìí ẹ̀rọ, ọ̀gá iṣẹ́ wa a sì máa rìn kiri lẹ́yìn wa bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù. Fóònù gbọ̀n nínú àpò mi. Mo rí i pé Màmá ni. Mo bẹ orí sábẹ́ tábìlì, mo fi ọwọ́ dí etí kejì.

"Ìyàwó mi, ọmọ yìí ń wúkọ́ o."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Ó le gan-an lónìí. Kò fẹ́ jẹun. Ó ń mí sókè sódò."

"Ẹ fi í sí yàrá ẹ̀yìn, kó sinmi."

"Yàrá ẹ̀yìn kẹ̀?"

"Ibẹ̀ ló dákẹ́. Ẹ ti ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sùn."

Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ, mi ò gbọ́ Màmá dáadáa. "Ṣé kí n fún un lóògùn rẹ̀ ná?"

"Ẹ má fún un ní nǹkan kan! Dókítà ní ká má fún un lóògùn kankan."

"Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi lánàá. Á lọ fúnra rẹ̀. Màmá, ọ̀gá ń bọ̀ o."

Mo pa á. Mo fi fóònù sápò, mo fa aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Inú ń bí mi díẹ̀ pàápàá. Mò ń sọ lọ́kàn mi pé ẹ wo ìyá yìí, ajá wúkọ́, ó ń pè mí níbi iṣẹ́, tí wọ́n bá lé mi, ṣé ajá ló máa bọ́ wa? Mo rán kọ́tìnì kan tán. Mo mú òmíràn.

Fóònù tún gbọ̀n.

"Mo ti ṣe gbogbo ohun tó o ní kí n ṣe o," ni Màmá wí. "Mo ti fi í sí yàrá ẹ̀yìn. Mo tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, mo bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn. Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀."

Mo ní, "Bàtà wo?"

"Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀."

Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ọwọ́ mi ṣì wà lórí aṣọ. Ẹ̀rọ ṣì ń lọ. Ajá kì í wọ bàtà.

"Màmá! Ta lẹ̀ ń sọ? Ṣé Adájọ́ ni?"

"Ta lo rò pé mò ń sọ láti àárọ̀? Ọmọ rẹ ni!"

Mo kígbe. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ pa ẹ̀rọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, èmi nìkan ni mò ń pariwo. "Ẹ ṣílẹ̀kùn! Ẹ gbé e jáde níbẹ̀! Ẹ fún un lóògùn! Ike rẹ̀ wà nínú àpò ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀! Màmá, ẹ sáré!" Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo gbọ́ ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ajá tó gbó lẹ́ẹ̀kan. Mo gbọ́ tí ó ní, "Yéè! Ètè rẹ̀! Ètè rẹ̀ ti dúdú!" Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ike, ó ń dún pó, pó, pó.

"Kò sí nǹkan nínú rẹ̀," ni Màmá wí. Ó ti ń sunkún. "Mò ń tẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ lásán ni."

Irọ́ ni. Ike tuntun ni. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi rà á. "Ẹ tún un tẹ̀!"

"Kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ìyàwó mi."

Mo ní, "Ẹ pe káfíńtà! Ẹ sọ fún un kó fi ọkọ̀ tó fi ń kó pákó gbé e lọ sí ọsibítù!" Káfíńtà yìí, ògiri kan náà la jọ ní. Mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà yẹn. Ọ̀gá iṣẹ́ dúró níwájú mi, ó ní níbo ni mò ń lọ. Ohun tí mo sọ fún un, mi ò lè tún un sọ níbí. Ó yà fún mi.

Nínú ọkọ̀ tí mo dá dúró, ohun tí mò ń rò ni pé èmi ni mo ní kí wọ́n má fún un lóògùn. Èmi ni mo ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Gbogbo ohun tó lè pa ọmọ mi, èmi ni mo fi ẹnu mi pa á láṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹnu wa náà: Adájọ́ ni "ọmọ", ajá ni "ọmọ"; Adájọ́ ni "ó", ajá ni "ó". Ó ń wúkọ́. Kò fẹ́ jẹun. Ó ń mí sókè sódò. Ta ni "ó"? Tí Màmá bá dárúkọ Adájọ́ lẹ́ẹ̀kan péré! Tí èmi náà bá dárúkọ ajá lẹ́ẹ̀kan! Mò ń gbá ara mi lórí, awakọ̀ ń wò mí nínú dígí.

Màmá jókòó sórí àga gígùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, gèlè rẹ̀ ti tú. Káfíńtà dúró tì í, ìyẹ̀fun pákó wà lára rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wọlé, ajá dùbúlẹ̀ ti Adájọ́, ó ń lá a lójú. Ó ń lá a lójú, lá a lẹ́nu, bí ẹni ń tọ́jú rẹ̀, itọ́ rẹ̀ wà ní gbogbo ojú ọmọ. Kò mọ̀ pé òun ló ń pa á.

"Ìwọ lo ní kí n ti ilẹ̀kùn," ni Màmá wí.

"Èmi ni, Màmá."

"Mo béèrè. Ṣé mi ò béèrè?"

"Ẹ béèrè." Mo jókòó tì í. Èmi àti ìyá yìí, a máa ń jà lórí iyọ̀, àmọ́ lọ́jọ́ náà a di ara wa mú, a ń wo ilẹ̀kùn kan. Ẹ ò mọ bí ilẹ̀kùn ṣe lè pẹ́ kó tó ṣí. Nọ́ọ̀sì kan jáde, kò wò wá. Òmíràn sáré wọlé. Mo ní Ọlọ́run, gba iṣẹ́ mi, gba ẹ̀rọ mi, gba ẹnu mi tó mú yìí, n ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.

Dókítà tó jáde wá bá wa jẹ́ ọ̀dọ́, ó rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ó ti ń mí. Ó kù díẹ̀ kó pẹ́ jù, àmọ́ ó ti ń mí." Màmá bú sẹ́kún. Dókítà gbé ike oògùn sókè. "Ta ló ń lo èyí? Ó ṣì jọ tuntun. Kí ike yìí tó tán báyìí, ọmọ yín ti fín in láìmọye ìgbà."

Wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Ó dùbúlẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń fún un ní afẹ́fẹ́ bò ó ní imú àti ẹnu, ojú rẹ̀ tóbi. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn, mo fẹ́ gbá a létí, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Láti ìgbà wo?" ni mo bi í.

Ó fà á kúrò lẹ́nu díẹ̀. "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Nílé Ìyá Ajá?"

Ó mi orí. "Mo máa ń fín in kí a tó kúrò nílé. Mo tún máa ń fín in nínú ilé ìwẹ̀ wọn. Ti tẹ́lẹ̀ ò sọnù, ó tán ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé etí sí mi lẹ́yìn, mo máa ń kọ́kọ́ fín in."

Gbogbo ìgbà tí mo jókòó tí mò ń ṣọ́ àyà rẹ̀! Gbogbo mí sínú, mí síta! Ajá yẹn, ara Adájọ́ ò gbà á rí. Kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ gbà á. Inú bí mi. Mo ní, "Ṣé o ò gbọ́ ohun tí dókítà ẹranko sọ ni? Ṣé o ò gbọ́ pé o lè kú?"

"Mo gbọ́."

"Kí ló wá dé?"

Ó wo òkè àjà. Ó ní, "Ẹ máa dá a padà."

"Lónìí."

Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹkún. Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹjọ́. Kò sunkún. Ó fà mí lápá aṣọ kí n sún mọ́ ọn, torí ohùn rẹ̀ ò ròkè.

"Màámi, Ìyá Ajá sọ fún mi pé èyí tí wọ́n bá dá padà, àwọn èèyàn kì í fẹ́ mú un mọ́. Wọ́n á ní ó ní àrùn lára, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá a padà." Ó sinmi, ó mí. "Ẹ sọ fún wọn pé ara rẹ̀ dá. Ẹ sọ fún wọn pé èmi ni ara mi ò dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé. Ẹ ní kì í ṣe òun, èmi ni."

Mo ní mo gbọ́.

Káfíńtà ló fi ọkọ̀ gbé mi dé ilé ìtọ́jú náà, ajá jókòó sáàárín wa, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Ajá ti rí wa látòkèèrè, ojú rẹ̀ ti yí. Ó gba okùn lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ojú ajá, ó ń wo etí rẹ̀.

"Kí ló ṣe é?" ó bi mí.

"Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ikọ́ díẹ̀ ló mú wá láti ọ̀dọ̀ yín níbí, dókítà ní á lọ. Ó ń jẹun. Ojú rẹ̀ mọ́, kì í gbó lásán, kì í gé èèyàn jẹ. Ara rẹ̀ dá ṣáká. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mú un."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi dá a padà? Wọ́n á bi mí."

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, bí ọmọ mi ṣe rán mi gẹ́lẹ́. Mo wo ajá, mo wo obìnrin náà. Mi ò lè fi ẹnu mi sọ pé ọmọ mi ni ara rẹ̀ ò dá. Mo ní, "Ẹ sọ fún wọn pé ìyá kan báyìí ni kò gbà," mo yíjú, mo padà sínú ọkọ̀.

Nígbà tí mo dé ọsibítù, Adájọ́ ò tíì sùn. Ó bi mí bóyá mo jẹ́ iṣẹ́ náà pé. Mo ní mo jẹ́ ẹ pé.